Ẹ Bi Orúnkún Yín Wò, Bọ̀dá

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí láàárọ̀ Sátidé kan. Wọn ò tíì kí mi tán tí wọ́n fi ní, "Mo fẹ́ ra mọ́tò." Mo ní ẹ kú oríire, irú èwo? Wọ́n ní, "Ìjàpá." Mo dákẹ́. Wọ́n rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ, ni wọ́n bá fi ariwo ta: "Ìjàpá! Volkswagen! Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn!" Mo ní mo gbọ́, Bọ̀dá, mo kàn ń rò ó bóyá mọ́tò lẹ fẹ́ rà ni, àbí ẹ ń wá ẹni tí ẹ ó jọ máa rìn.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé mo ń rí àgbà fín: ìyá kan náà ló bí wa, àwọn fúnra wọn ló sì ní kí n kọ ọ́, bí n bá ti lè fi kún un pé àwọn ṣì rẹwà. Ó dáa. Wọ́n ṣì rẹwà, láti ìbàdí lọ sókè.

Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ di méjì. Ọdún 31 ni wọ́n fi dúró nídìí káńtà ní Treichville, l'Ábíjàǹ, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ti ń ṣe. (Ẹni tí kò bá mọ bí Èjìgbò àti Kodivúà ṣe jẹ́ síra wọn, kó wá sí gáréèjì wa: bọ́ọ̀sì ń gbéra níbí lọ sí Àbíjàǹ tààrà, ó ń gba Kútọnu, Lómè àti Àkrá kọjá. Mo mọ àwọn ọmọ ilé kan tí wọ́n mọ Adjamé ju Òṣogbo lọ.) Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kó bọ̀ wálé ni owó séfà díẹ̀, èdè Faransé tí wọ́n fi ń lé ewúrẹ́, àti orúnkún òsì kan tí làkúrègbé ti gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Orúnkún náà kì í ká mọ́. Bí wọ́n bá jókòó, ẹsẹ̀ á nà síwájú gbọnrangandan, bí ọwọ́ ọlọ́pàá tó ń dá ọkọ̀ dúró. Níbi ìnáwó, mo ti rí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ ọ́, tó yíjú padà, tó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má bínú, òun ò rí bẹ́ǹṣì tí wọ́n gbé síbẹ̀.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tó fi jẹ́ Ìjàpá. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, tíṣà kan wà ní Masífà tó ní Ìjàpá aláwọ̀ ewé. Bó bá ti ń bọ̀, gbogbo ọmọ àdúgbò á sá tẹ̀ lé e, àwọn ló sì máa ń ṣíwájú. Bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ń ṣe wá nìyẹn. Ẹsẹ̀ tí a fi sá tẹ̀ lé ọkọ̀ nígbà náà la fẹ́ fowó rà padà, mẹkáníìkì la sì ń bá ná an.

N ò kórìíra Ìjàpá o. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Òjó, l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, Ìjàpá wà lára ohun tí wọ́n ń tò níbẹ̀. Kí wọ́n tó ṣe èyí tó gbẹ̀yìn ní Mexico ní 2003, èyí tí wọ́n ti ṣe káàkiri ayé ti lé ní mílíọ̀nù 21. Ohun tó pọ̀ tóyẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí à ń bú. A rí ọ̀kan lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, a lọ gbé e wò. Nítorí pé ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ju méjì lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn, ìyẹn sì dáa fún ẹsẹ̀ tí kò ká. Ṣùgbọ́n inú ibi tí ẹsẹ̀ ń wọ̀ há, nítorí ilé táyà iwájú ti yọ gọngọ wọ ibẹ̀. Pẹ́dàlì rẹ̀ kò sì fì sókè bíi ti ọkọ̀ mìíràn; láti ilẹ̀ ló ti hù bí olú, àfi kí ènìyàn gbé gbogbo ẹsẹ̀ sókè kó tó tẹ̀ ẹ́.

Orí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ wọlé. Ikùn tẹ̀ lé e, ó pẹ́ díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé. Ẹsẹ̀ òsì dúró síta, ó ń wo ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n tì, wọ́n fà, wọ́n sọ Faransé sí i. Ìyàwó wọn tó tẹ̀ lé wa wá ní, "Ẹ kúkú máa wà á lọ bẹ́ẹ̀, èmi á máa gbé ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn." Ènìyàn mẹ́ta ló yọ wọ́n jáde níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọdé kan tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan àmọ́ tó ń pàṣẹ. Ní gbogbo àkókò yẹn, gíláàsì ọkọ̀ nìkan ni olówó rẹ̀ ń ṣọ́.

Òótọ́ ni pé Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú Ìjàpá kan ní nǹkan bí 1968 tí kò ní pẹ́dàlì kílọ́ọ̀ṣì rárá: bí ọwọ́ bá ti kan ọ̀pá jíà báyìí, kílọ́ọ̀ṣì á tú fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀kan l'Éjìgbò, kó jáde síta, a ó gúnyán fún un.

Àwọn ọ̀rẹ́ wọn kò sì ràn wá lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti rí ọkọ̀ àtijọ́, wọ́n á yí i po, wọ́n á gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n á ní, "Irin gidi nìyí, kì í ṣe ike ayé òde òní." Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ wo ibi tí ẹsẹ̀ ń lọ. Wọ́n ní ẹrù amúkùn-ún wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ó dá mi lójú pé níbi tí wọ́n ti ń ná mọ́tò ni wọ́n ti pa òwe yẹn. Mo wá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé láti òní lọ, bí a bá ti dé ìdí ọkọ̀ kankan, ẹ má bi mí, ẹ má bi mẹkáníìkì, ẹ bi orúnkún yín wò, Bọ̀dá.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà ní Morris Minor ni ká rà, òun mọ ibi tí ọ̀kan wà. A lọ, a bá sítíárì lápá ọ̀tún, nítorí ọwọ́ òsì ọ̀nà ni Nàìjíríà ń gbà wakọ̀ títí di ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972. N ò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, torí ó ní àǹfààní kan: ẹni tí sítíárì rẹ̀ wà lọ́tùn-ún, etí ọ̀nà ló ń sọ̀ sí lóde òní, kì í sọ̀ síwájú ọ̀kadà. Ẹni tó máa lo ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó yọ ẹsẹ̀ tán, kò yẹ kó fojú kéré ìyẹn. Àmọ́ bí wọ́n bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀ lọ́nà Ìwó ńkọ́? Ìyàwó wọn tó máa jókòó lósì ni yóò máa wo iwájú fún wọn. Mo bi í léèrè bóyá ó lè ṣe é. Ó ní, "Ọkọ mi, láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni mo ti ń wo iwájú fún wọn. Ṣé wọ́n ń gbọ́ ni?"

Peugeot 504 lèmi fọwọ́ sí ní tèmi. Ọdún 1975 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kaduna, ẹni tó bá sì ti jẹ́ ọ̀gá níbikíbi nígbà náà, ẹ̀yìn 504 ni wọ́n ti máa ń bá a. Ní Kodivúà pàápàá, òun ló ń kó èrò lọ sígbèríko, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi kò lè sọ pé àwọn ò mọ̀ ọ́n. Mo yá téèpù lọ́wọ́ tẹ́lọ̀ mi, mo wọn ẹ̀yìn orúnkún wọn dé ilẹ̀: ínṣì 19. (Tẹ́lọ̀ náà bi mí pé ṣòkòtò wo ni mo fẹ́ rán. Mo ní ṣòkòtò onítáyà mẹ́rin.) Ìdí tí mo fi wọ̀n ọ́n ni pé ìjókòó tó bá rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn orúnkún lọ, ṣíṣubú lu ibẹ̀ lènìyàn máa ń ṣubú, ẹ̀bẹ̀ ló sì fi ń dìde. Ti 504 ga, ó sì rọ̀. Fóòmù pẹlẹbẹ kan ló kù kó bá wọn mu rẹ́gí.

Níbi tí a ti lọ gbé ọ̀kan wò ni wọ́n ti fi ọgbọ́n kan hàn mí tí nọ́ọ̀sì kan l'Ábíjàǹ kọ́ wọn. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò ká kì í fi ẹsẹ̀ wọ mọ́tò. Yóò kẹ́yìn sí i, yóò fi ìdí jókòó ná, ẹsẹ̀ méjèèjì á ṣì wà nílẹ̀ níta. Lẹ́yìn náà ni yóò wá yí gbogbo ara padà lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ìdí lè yí láìfà, wọ́n tẹ́ ọ̀rá kan sórí ìjókòó, irú ọ̀rá dúdú tí à ń gbé lọ sọ́jà. Wọ́n jókòó, wọ́n yí. Ọ̀rá dún ṣìììrì. Wọ́n ti wọlé! Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ìyàwó wọn pàtẹ́wọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ bùṣe.

Mo gbàgbé kílọ́ọ̀ṣì.

Kílọ́ọ̀ṣì 504 yẹn le bí ojú àna tí wọn ò tíì san owó orí fún. Ẹsẹ̀ òsì tí kò ká náà ló sì yẹ kó tẹ̀ ẹ́, nígbà tí a bá fẹ́ gbéra, nígbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ jíà, nígbà tí ewúrẹ́ bá dá wa dúró. Ìgbà tí a dé ojú ọjà, ọgbọ́n tí ẹ̀gbọ́n mi dá ni pé wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ òsì lé kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún mọ́lẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Èmi wà nídìí sítíárì, àwọn wà nídìí kílọ́ọ̀ṣì, Ọlọ́run wà nídìí búréèkì. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ rí wa lọ́ọ̀ọ́kán, ó gbé igbá rẹ̀, kò tiẹ̀ bú wa. Ó kàn lọ ta á sí òdìkejì ọ̀nà.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Citroën DS. Wọ́n ní àwọn rí i l'Ábíjàǹ, pé kò sí irú rẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni. Láti 1955 sí 1975 ni wọ́n fi ṣe é, epo àti afẹ́fẹ́ ló sì gbé e dúró dípò sípíríìnì: bí a bá tan án, yóò dìde, bí a bá pa á, tó pẹ́ díẹ̀, yóò rọra lọ sílẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní pẹ́dàlì kílọ́ọ̀ṣì, ìka ni wọ́n fi ń pààrọ̀ jíà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì. Lórí ìwé, òun gan-an ni orúnkún wọn ń wá. Mo ní, Bọ̀dá, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n tú l'Éjìgbò kò tíì tibi kankan dé. Bí epo yẹn bá jò, ọkọ̀ yín á dọ̀bálẹ̀ síwájú ilé, kò ní dìde mọ́, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá á sì máa rò pé ẹ ti jẹ oyè. Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ tó mọ ìkúnlẹ̀ ju olówó rẹ̀ lọ kò yẹ ọmọlúàbí.

Àṣìṣe tèmi ni pé mo sọ ìtàn Roosevelt fún wọn. Franklin Roosevelt yìí, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọ lù ú ní 1921, ẹsẹ̀ méjèèjì kò gbé e mọ́, síbẹ̀ ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1933. Ó ní Ford kan tí wọ́n ṣe ní 1936, tí wọ́n so ọ̀pá mọ́ àwọn pẹ́dàlì rẹ̀ kó lè máa fi ọwọ́ wà á. Nígbà tí ọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, George Kẹfà, lọ kí i ní oṣù Kẹfà 1939, òun fúnra rẹ̀ ló fi irú ọkọ̀ ọlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ gbé ọba àti ayaba yí oko rẹ̀ ká ní Hyde Park. Ayaba sì sọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé ẹ̀rù ba òun.

Kí n tó mí, ẹ̀gbọ́n mi ti ń pe wẹ́dà. Wọ́n ní ohun tó gbé ọba Gẹ̀ẹ́sì, á gbé àwọn. Mo ní rárá. Níbi yìí, n ò ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọ̀pá ọwọ́ dáa, wọ́n ń tà á nílùú òyìnbó, àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ló ń dè é mọ́ ọkọ̀: èèyàn á tì í síwájú kó fi dá ọkọ̀ dúró, á fà á sẹ́yìn kó fi tẹ tọ́tù. Ṣùgbọ́n wẹ́dà tó jó géètì mi ní ọdún tó kọjá kò mọ̀ ju géètì lọ. Bí géètì bá já, ajá ló ń jáde. Bí búréèkì bá já, ta ló ń jáde? Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹsẹ̀ ọ̀tún yín le koko, kí ló ṣe yín tí ẹ fẹ́ fún un ní ìwé ìfẹ̀yìntì? Òsì nìkan ló ń yọ yín lẹ́nu. Ọkọ̀ tí kò ní iṣẹ́ kankan fún òsì lẹ ń wá.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ìwakọ̀ náà délẹ̀. Mo sọ fún wọn pé kíláàsì kan wà fún àwọn awakọ̀ tó ní ìpèníjà ara, lẹ́tà J ni. Wọ́n bínú díẹ̀. Wọ́n ní, "J fún kí ni?" Mo ní fún jẹ́jẹ́.

Bí a ṣe dé ìdí Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ nìyẹn. Alhaji kan ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn ló ni ín, Mercedes 230, irú èyí tí wọ́n ṣe láti 1976 sí 1985, tí wọ́n ṣe tó mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ ó lé. Ọtomátíìkì ni, ó ní páwà sítíárì, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí gbayawu bí ilẹ̀kùn ààfin. Adìẹ ti ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn, Alhaji sì ní ẹyin wà nínú iye tí òun pè é. Nípa ti ìpààrọ̀ nǹkan tó bá bàjẹ́, ọjà Àràròmí wà ní Gate n'Ìbàdàn, kò sí egungun Mẹ̀sí tí wọn ò ní níbẹ̀. Mo fa téèpù yọ. Ìjókòó bá ínṣì 19 dọ́gba tán. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá, wọ́n jókòó, wọ́n yí: ṣìììrì. A ti ìjókòó sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ òsì lè nà bó ṣe fẹ́. Ikùn wọn ṣì kan sítíárì díẹ̀, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ Jámánì. Òrìṣà tó ni ìlú wa fẹ́ràn iyán débi pé iyán ló wà nínú orúkọ rẹ̀, Ògìyán. Ẹ̀gbọ́n mi kàn kò fẹ́ kó máa nìkan jẹ ẹ́ ni.

Ni wọ́n bá wolẹ̀, ni wọ́n bá lọgun. "O ti tà mí! O ní ọtomátíìkì ni! Pẹ́dàlì mẹ́ta ló wà níbí!"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo kà á. Mẹ́ta ni lóòótọ́. Tọ́tù, búréèkì, àti ọ̀kan kékeré báyìí ní kọ̀rọ̀ apá òsì pátápátá. Alhaji rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́. Hándì-búréèkì ọkọ̀ náà nìyẹn. Àwọn ará Jámánì ò fi í sọ́wọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Ẹsẹ̀ wo? Òsì! Gbogbo ohun tí mo sá fún láti ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló jókòó sí kọ̀rọ̀ yẹn tó ń dúró dè mí. Títú rẹ̀ kò le, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa ọwọ́ kékeré kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Títẹ̀ rẹ̀ niṣẹ́ wà, ó sì ga kúrò nílẹ̀, ó fẹ́ kí orúnkún ká.

Gbogbo wa dákẹ́. Adìẹ kan ké lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ síta, wọ́n ní kí ìyàwó àwọn gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ àwọn wá.

Ìlú wa mọ iṣẹ́ tí ọ̀pá ń ṣe. Bí ọdún Ògìyán bá dé, Ìsàlẹ̀ Òṣòlò àti Òkè Màpó á kó àtòrì síta, wọ́n á na ara wọn kí ọdún lè yabo, kò sẹ́ni tó ń bínú. Ṣùgbọ́n n ò tíì rí èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe lọ́jọ́ náà rí. Wọ́n yí ọ̀pá padà, wọ́n fi orí rẹ̀ tó ní rọ́bà ti pẹ́dàlì kékeré yẹn nídìí, wọ́n rọra tì í bí ẹni ń fọ̀bẹ wọ́ṣu nínú àkísà. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ó dè. Wọ́n fi ọwọ́ òsì fa ọwọ́ títú. Kọ̀ù! Ó tú. Wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n wá bojú wò mí bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò kìíní. Mo ní orúnkún ńkọ́? Wọ́n ní orúnkún ò sọ nǹkan kan.

Bí a ṣe rà á nìyẹn, a yọ owó ẹyin kúrò. Ó wá ku ẹyọ kan: mo ní kí n yọjú wo abẹ́ rẹ̀ bóyá epo ń jò, kí wọ́n má baà ní mi ò ṣe iṣẹ́ àbúrò. Mo lóṣòó. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí epo kankan. Mo fẹ́ dìde. Ìbàdí mi ní rárá.

Mo tún gbìyànjú. Nǹkan kan dún kọ́ọ́ lẹ́yìn mi, kì í sì í ṣe Mẹ̀sí. Mo wà níbẹ̀ bí àkèré, ojú mi ń wo táyà, mo wá gbọ́ tí gíláàsì ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lókè orí mi. Ẹ̀gbọ́n mi yọ orí jáde. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bi ìbàdí rẹ wò, àbúrò."

Ìyàwó wọn àti Alhaji ló gbé mi dìde. Wọ́n lé adìẹ kúrò lórí ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n fi ìdí mi jókòó, ẹsẹ̀ mi wà níta. Ẹ̀gbọ́n mi na ọ̀rá dúdú náà sẹ́yìn láti iwájú, wọ́n ní kí wọ́n tẹ́ ẹ fún mi.